Bọ́ọ̀lù Ẹ̀kùrọ́ Tí Kò Là

Jósáyà Oyèéwọlé Àjàní, ọmọ Oníkòyí. Àjàní Ẹ̀ṣọ́, ọmọ ẹni tí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ní í fi í gbọgbẹ́. Ogun kó ẹrù baba rẹ̀ lọ, ogun ò rí ìwé kó lórí ọmọ. Àjàní ọkọ Àbẹ̀kẹ́, baba Dámọ́lá, tíṣà tí í fi ẹfun kọ̀wé bí ẹni ń gbin àgbàdo, ìlà dé ìlà, poro dé poro. Ọ̀gá Físíìsì, ẹ sùn un re o.

Bí mo ṣe kì wọ́n nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Lálúpọn, kí ẹkún tó gba ohùn lẹ́nu mi. Gàníyù ni wọ́n ń pè mí. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mo kọ́ lọ́wọ́ bàbá mi, ìwé mẹ́fà sì ni mo kà. Ohun tí mo mọ̀ nípa átọ́ọ̀mù, ẹnu Ọ̀gá ni mo ti gbọ́ ọ. Mo rántí gbogbo ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé tí Ọ̀gá ti kọ́ni. Mo rántí Múfútáù tó ń ṣọ́ géètì, àti ajá rẹ̀ tó ń sùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo rántí Ìyá Àlàbá tó ń se oúnjẹ àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó há mi lọ́fun bí egungun ẹja títí di òní ni Sàfúrátù, Ìyá Ráṣídì, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ wà lábẹ́ Ọ̀gá nínú láàbù.

Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀ o. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ó kù díẹ̀ kí a wọ 1990 nígbà tí wọ́n pè mí wá tún àwọn bẹ́ǹṣì láàbù ṣe. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wo bí mo ṣe ń gbẹ́ eyín sí etí pákó kan, tí mo sì ń gbẹ́ ihò sí etí èkejì. Mo fi òòlù onígi gbá wọn wọnú ara wọn.

"Gàníyù, ìṣó dà?"

"Kò sí ìṣó, sà."

"Kí ló wá dì í mú?"

"Ara wọn ni wọ́n dì mú, sà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo, pàá. "Ohun tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí láti àárọ̀ nìyẹn!"

Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni mo wà tí wọ́n fi bá mi sọ fún pírínsípà pé kí wọ́n gbà mí sí láàbù, kí n máa tọ́jú àwọn irinṣẹ́, kí n sì máa tò wọ́n sórí tábìlì kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́ńdáǹtì ni wọ́n ń pe irú wa. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo so ó mọ́ bẹ́líìtì mi. Ìyàwó mi ní mo ti ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ baálẹ̀, kò sì parọ́ mọ́ mi.

Ó ṣe díẹ̀, wọ́n mú Ìyá Ráṣídì wá. Gàrí ló ń yan tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ọjà Lálúpọn, kó tó di pé èéfín fẹ́ẹ̀ ba ojú rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní kó wá máa gbálẹ̀. Kò tíì gbálẹ̀ dé ibì kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí bi Ọ̀gá ní ìbéèrè. Bí Ọ̀gá bá ń kọ́ni lọ́wọ́, ìgbálẹ̀ á dúró.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, kí ló dé tí iná kì í gba inú igi kọjá bó ṣe ń gba inú wáyà?"

"Ọ̀gá, omi tó ń hó yìí, ta ló ń tì í lókè?"

Ní tèmi, wọ́n kọ́ mi nílé pé ọmọ tó bá ń da ìbéèrè bo àgbà, ẹnu rẹ̀ ló gùn. N kò bèèrè nǹkan kan. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Àṣé Ọ̀gá fẹ́ràn ìbéèrè bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn èèpo iṣu. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, kó wá bá mi nínú láàbù. Kọ́kọ́rọ́ di méjì.

A ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀, ni ìròyìn bá dé pé ìjọba ń dín òṣìṣẹ́ kù. Pírínsípà pè wá, ó ní, "Láàbù kan, àtẹ́ńdáǹtì kan." Àwọn olùbẹ̀wò láti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ nígbà ọyẹ́; ẹni tí Ọ̀gá bá tọ́ka sí níwájú wọn ni yóò dúró, ẹnì kejì á máa lọ ilé rẹ̀. Ọ̀gá kò fẹ́ràn irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ká jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa sọ̀rọ̀: kí olúkúlùkù fi ẹ̀kùrọ́ mọ kókó inú átọ́ọ̀mù, irú èyí tó tóbi tó sì wúwo jù lọ.

Ká lè mọ ohun tí à ń mọ, wọ́n mú àwa méjèèjì lọ sí oko iṣu tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Wọ́n bu ẹ̀kùrọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì ki í mọ́lẹ̀.

"Inú átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, kókó kan wà níbẹ̀. Oríṣi hóró méjì ló para pọ̀ di kókó yẹn. Oríṣi kan dà bí orogún: ọ̀kan ò fẹ́ rí èkejì, ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn dànù. Oríṣi kejì ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn pátá, bí wọ́n bá ti fara kanra, wọ́n ń di ara wọn mú. Bí ilé bá kéré, dídìmú á borí ìjà. Bí ilé bá tóbi jù, tí orogún pọ̀ jù níbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ìjà borí. Irú kókó bẹ́ẹ̀ lè là sí méjì lọ́jọ́ kan, fúnra rẹ̀."

"Láìsí ẹni tó sọ̀kò lù ú?" Ta ló bèèrè? Ìyá Ráṣídì ni.

"Láìsí ẹnì kankan. Ẹ ò mọ ọjọ́, ẹ ò mọ wákàtí."

"Bí ìgbéyàwó Múfútáù tó tú gẹ́lẹ́," Ìyá Ráṣídì fèsì.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ gíláàsì ojú wọn nù. Èmi náà ní ẹ̀fẹ̀ kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí n tó tò ó tán, ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Wọ́n wá ká ọsàn kan, wọ́n fi í sínú poro tó jìn láàárín ebè méjì. "Ibi tí kókó ti máa ń sinmi nìyí. Ara rẹ̀ balẹ̀ níbí." Wọ́n gbé ọsàn náà fo ebè gíga kan, wọ́n fi í sínú poro kejì, tí kò jìn tó ti àkọ́kọ́. Ebè kékeré kan ló wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sódò. "Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ibí yìí ló máa ń há sí. Hóró kan náà ni, iye kan náà, kò dín, kò lé. Ó kàn ti nà ni, ó ti gùn bí ẹyin adìẹ, agbára inú rẹ̀ kò sì tíì rọlẹ̀. Áísómà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Láti ibí, ebè kékeré yìí nìkan ló kù kó dé odò. Ibi odò yẹn ló ti ń là."

"Ta ló máa gbé e gun ebè, sà?"

Èmi ni mo bi wọ́n ní èyí o. Ojú Ọ̀gá tàn yàn-ìn, wọ́n kọjú sí mi pátápátá. "Kì í gun ebè, Gàníyù. Inú ebè ló ń gbà kọjá, bí òkété."

Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sùn, mo fi jí. Títí di òní, bí mo bá rí ihò òkété lóko, inú mi á dùn.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kun àwọn ẹ̀kùrọ́ tó dúró fún orogún ní ọ̀dà pupa, mo fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Mo lu ìkọ̀ọ̀kan wọn níhò, mo fi ẹ̀la ọparun há ọ̀kan mọ́ èkejì láti inú wá síta, mo sì fi gúlúù káfíńtà dí ojú wọn. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ó rí rógódó bí agbè, ó ń dán. Mo jù ú sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó fò, ó padà wá bá mi.

Kí ni Ìyá Ráṣídì fi lẹ tirẹ̀? Sítáàsì ẹ̀gẹ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tó máa ń rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ń ṣe gàrí, ó sè é, ó pò ó mọ́ ẹ̀kùrọ́ bí ẹni ń ro ọkà.

Mo ní, "Ìyá Ráṣídì, ṣé aṣọ lo fẹ́ fọ̀ ni?"

"Bọ̀ọ̀dá Gàní, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹni tó ń kan ẹ̀kùrọ́ bí ilẹ̀kùn bánkì, ẹnu rẹ̀ kọ́ ni mo ti máa gbọ́ iṣẹ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti rọ̀ lórí pẹpẹ. Ó nà gbọọrọ, ìbàdí rẹ̀ sì ti fẹ́ hàn bíi ti kèrègbè. Inú mi dùn jù! Mo sáré lọ pe Ọ̀gá, mo ní kí wọ́n wá wo ohun tí Ìyá Ráṣídì ṣe. Ọ̀gá wọlé, wọ́n dúró, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án! Hóró kan náà, iye kan náà, ẹ sì wo bó ṣe nà. Áísómà gan-an nìyí!"

Ìyá Ráṣídì kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ó ń wo Ọ̀gá, ó ń wò mí. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi lọ pe ẹni tó wá yìn ín.

Ọjọ́ àwọn olùbẹ̀wò pé. Ọyẹ́ mú débi pé ètè gbogbo wa là. Ìyáàfin kan àti ọkùnrin méjì ni wọ́n. Pírínsípà ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n bó ṣe rí bọ́ọ̀lù méjèèjì lórí tábìlì, ó fà sẹ́yìn díẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Oyèéwọlé, nǹkan yìí kò ní bú gbàù?"

"Rárá sà. Ẹ̀kùrọ́ ni."

"Ṣé ẹ̀kùrọ́ nìkan ni?"

"Ẹ̀kùrọ́ nìkan ni, sà."

Tèmi ni Ọ̀gá kọ́kọ́ gbé. Ìyáàfin náà gbà á lọ́wọ́ wọn, ó fi ìka kàn án, kóó-kóó, ó yí i po. "Iṣẹ́ gidi nìyí," ló wí. "Ta ló ṣe é?" Ọ̀gá nawọ́ sí mi. Orí mi wú. Lójú mi, iṣẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo tilẹ̀ ti ń ro ohun tí màá sọ fún Ìyá Ráṣídì láti fi tù ú nínú, mo sì ti to ọ̀rọ̀ ọ̀hún dáadáa, ọ̀rọ̀ tó dùn gbọ́.

Ibẹ̀ la wà tí a gbọ́ ráú.

Bọ́ọ̀lù Ìyá Ráṣídì ti là. Kò sí ẹni tó wà nítòsí rẹ̀. Ó là láti ìbàdí, ó di abala méjì, ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, hóró mélòó kan sì fò sílẹ̀, wọ́n ń yí gbirigbiri lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ọyẹ́ ti gbẹ sítáàsì. Ìyá Ráṣídì kó ọwọ́ lérí.

"Yéè! Mo gbé!"

Mo gé ètè mi jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti fò sókè.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Kò sí, sà."

Wọ́n yíjú sí mi. "Gàníyù, ìwọ ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ tèmi ni mo wà, sà! Ọ̀dọ̀ yín níbí!"

"Ẹ gbọ́! Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án!" Wọ́n ti dojú kọ àwọn olùbẹ̀wò. Wọ́n ní bó ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn: yóò nà, yóò há, yóò dúró bí ẹni pé kò sí nǹkan, títí yóò fi là láìsí ẹni tó tì í. Wọ́n ní àwọn abala tòótọ́ náà kì í sábà dọ́gba. Wọ́n tilẹ̀ ní hóró tó ń yí lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ṣe máa ń fò jáde nínú ti gidi. Ìyáàfin tó ń kan tèmi kóó-kóó gbé e sílẹ̀ kó lè rí àyè pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ká ní mo tì í ni, wọn ì bá lé mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni ì bá là á. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni ẹlẹ́rìí pé kò sí ẹni tó tì í. Ẹnu mi ni wọ́n fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ, mo bi Ọ̀gá pé, "Sà, tèmi ńkọ́?"

Wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká mi. "Tìrẹ dára, Gàníyù. Ṣùgbọ́n kókó ńlá tí kò lè là, irọ́ ló ń pa."

Mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní bẹ́líìtì mi, mo gbé e sórí tábìlì. Ìyá Ráṣídì ló dúró. Wọ́n rán kóòtù funfun fún un, ó ń wọ̀ ọ́ dé ọjà.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá títì. Iṣẹ́ kò wọ́n mi. Gbogbo bẹ́ǹṣì ilé-ìwé náà, títí dé àga pírínsípà, ọwọ́ mi ló ti jáde. Ọ̀gá fúnra wọn máa ń pè mí wá tún ilé wọn ṣe, mo sì máa ń lọ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ pálọ̀ wọn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ni mo rí abala méjèèjì nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wọn. Tèmi wà nílẹ̀, òun ni wọ́n fi dá ilẹ̀kùn dúró kí afẹ́fẹ́ má baà tì í.

"Bọ́ọ̀lù rẹ yìí, Gàníyù," Ọ̀gá wí, wọ́n sì fẹsẹ̀ tì í síwájú díẹ̀. "Ìjì kò lè mì í."

Mo ní ẹ ṣé, sà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ìyá Ráṣídì sì kọ̀, kò jẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́, nínú kóòtù rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Gàní, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá ní kí n kí yín."

"Ṣé Ọ̀gá kò mọ ọ̀nà ibí mọ́ ni?"

"Ẹ ẹ̀ tíì gbàgbé? Ẹ̀kùrọ́ lásán-làsàn?"

"Bó bá jẹ́ lásán, kí ló ń ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì?"

Á rẹ́rìn-ín, á lọ. Àwọn ará ilé mi ní kí n jẹ́ kó tán nínú mi. Kò rọlẹ̀, kò sì là. Ibi tí mo há sí, mo mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá ló kọ́ mi.

Ọdún ń gorí ọdún. Àìsàn dá Ọ̀gá dúbúlẹ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n dìde mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pa ojú dé ni Màmá, ìyàwó wọn, ránṣẹ́ pè mí. Mo kì wọ́n lẹ́nu ọ̀nà bí mo ti sọ, mo wọlé. Ta ni mo bá lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá? Ìyá Ráṣídì. Ó ti ṣáájú mi débẹ̀.

Màmá di ọwọ́ mi mú. "Gàníyù, àwọn ará ìjọ fẹ́ lọ ra pósí ní Ìbàdàn. Mo ní rárá. Ọkọ mi ti sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní Gàníyù ni kó kàn án, pé tìrẹ kì í là."

Mo wo Ìyá Ráṣídì. Ó tẹjú mọ́ ẹní.

"Màmá," mo ní, "n kò gbọ́ dáadáa."

Mo gbọ́ o. Wọ́n tún un sọ, ó sì ṣe kedere ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Pákó ìrókò tí mo tọ́jú fún ilẹ̀kùn ilé ara mi ni mo gbé sílẹ̀. Mo gbẹ́ eyín, mo gbẹ́ ihò, mo gbá wọn wọnú ara wọn. N kò jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bá mi dá sí i. Ó kù kí n fi sáńpépà ra á ni òjìji Ìyá Ráṣídì bo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò wọ kóòtù.

"Bọ̀ọ̀dá Gàní, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí èmi náà kan ìṣó kan sí i. Ẹyọ kan péré."

"Kò sí ìṣó nínú rẹ̀."

Ó rìn yí i po. Ó fi ọwọ́ pa orígun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń wá a.

"Kí ló wá dì í mú?"

Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ọ̀gá bi mí ní ìbéèrè yẹn. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Nígbà tí ojú mi gbẹ, mo fún un ní sáńpépà kan. Mo ní kó máa tẹ̀lé ojú igi, kó má ra á lódì. Ìsàlẹ̀ ni mo ní kó ra, apá tó máa kan ilẹ̀.

Ó ra á dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì ni a sin Ọ̀gá, lẹ́yìn ilé wọn ní Lálúpọn, lẹ́bàá oko iṣu.